Wọ́n ka ìwé kí wọ́n tó gbé adé fún un



Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Dádì, tí Ọlọ́run bá sáà ti fún wa ní olórí rere, ṣé gbogbo nǹkan ò ní dára ni?" Mo ní kó máa gbàdúrà náà lọ, àmọ́ ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kó gbọ́. Òun nìyí. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lọ́dún 1625, Charles Kìíní gorí oyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé Ọlọ́run ló fi òun jọba, kò sí èèyàn tó lè bi òun léèrè. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wà nígbà náà o, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọba bá nílò owó ló sábà máa ń pè wọ́n. Nígbà tí ẹjọ́ wọn pọ̀ lójú rẹ̀, ó tú wọn ká lọ́dún 1629, ó sì dá nìkan ṣèjọba fún ọdún 11. Ó ń gba owó ọkọ̀ ogun lọ́wọ́ àwọn ìlú tí kò tilẹ̀ sí létí òkun. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1642. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1649, wọ́n bẹ́ ọba lórí níta gbàngàn Banqueting House ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Rárá o. Lọ́dún 1653, Oliver Cromwell kó sọ́jà wọ ilé aṣòfin, ó lé gbogbo wọn jáde. Kò gba orúkọ ọba, àmọ́ agbára ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kú lọ́dún 1658, kò ju ọdún méjì lọ tí wọ́n fi ní kí ọmọ Charles tí wọ́n pa máa bọ̀ wá jọba. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn!

James Kejì ló jẹ lọ́dún 1685. Kátólíìkì ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú rẹ̀ sì jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì. Ó fẹ́ kí àwọn Kátólíìkì àti àwọn ìjọ kéékèèké lè sin Ọlọ́run ní fàlàlà. Ká sòótọ́, ìyẹn fúnra rẹ̀ kò burú. Àwa ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì gan-an ń jẹ àǹfààní irú òmìnira bẹ́ẹ̀ lónìí. Ibi tó ti ṣì í ṣe ni pé ó ní òun lè fi àṣẹ ẹnu òun nìkan ti òfin ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òmìnira tí ọba bá fi ẹnu fúnni, ẹnu kan náà ló lè fi gbà á padà. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù méje kọ̀wé bẹ̀ ẹ́ pé kó má fipá mú wọn ka ìkéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1688, ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ńlá méje kọ̀wé ránṣẹ́ sí William ti Orange, ọkọ ọmọ ọba náà, ní ilẹ̀ Netherlands pé kó máa bọ̀.

William gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá tòun ti ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn ọ̀gá sọ́jà James bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ bá a. James ju èdìdì ìjọba sínú odò Thames, ó sì sá lọ sí Faransé.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1689, nínú gbàngàn Banqueting House yẹn kan náà, wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé kan sí William àti Mary aya rẹ̀ létí kí wọ́n tó fi adé lọ̀ wọ́n: ọba kò gbọdọ̀ dá òfin dúró, kò gbọdọ̀ gba owó orí, kò gbọdọ̀ kó ọmọ ogun jọ lásìkò àlàáfíà, àfi tí ilé aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti di òfin.

Ìwé nìkan kò sì tó. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ òfin tó de sọ́jà dọ̀tun. Owó ibodè tí wọ́n fún James títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n fún William. Lọ́dún 1693, ó kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin pé kí ìdìbò máa wáyé lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Ogun Faransé ń jẹ owó, ọwọ́ àwọn aṣòfin sì ni owó wà. Lọ́dún 1694, ó fọwọ́ sí i. Láti 1689 títí dòní, kò sí ọdún tí ilé aṣòfin wọn kò jókòó.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi dídùn nìkan sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní Ireland. Obìnrin kò dìbò, tálákà kò dìbò. James yìí ló ti ṣe olórí Royal African Company, ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrú láti etí òkun wa níbí. Lọ́dún 1698, ilé aṣòfin ṣí òwò náà sílẹ̀ fún oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì èyíkéyìí tó bá san ìdá mẹ́wàá, ẹrú tí wọ́n ń kó sì pọ̀ sí i. Wọ́n so ọba lókùn, àmọ́ ta ló bá wa so àwọn náà? Ó di 1807 kí ilé kan náà tó fòfin de òwò ẹrú.

Ọ̀nà wọn yẹn la jogún ní Nàìjíríà. Abala 80 òfin wa sọ pé owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ jáde láìsí àṣẹ ilé aṣòfin. Kọ́kọ́rọ́ àpò wà lọ́wọ́ ẹni tí a dìbò fún. Nígbà tó bá gbé àpò ìrẹsì wá, ṣé a ń bi í léèrè bọ́jẹ́ẹ̀tì?

Ọmọ mi, ìdáhùn mi nìyí. Kódà ọba tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bá yàn, Diutarónómì 17 ní kó da òfin kọ, kó sì máa kà á lójoojúmọ́. Máa gbàdúrà fún olórí rere, kí o sì bá wa di okùn náà mú. Ní ìjọ wa, àwa mẹ́ta là ń fọwọ́ sí sọ̀wédowó. Èmi ni mo ní kó rí bẹ́ẹ̀, torí mo mọ ara mi.

 Kí ni ẹ̀yin rí sí i?