Wàhálà: Ọ̀rọ̀ tí ó bá Oníṣòwò Rìn

Orúkọ àwọn Mọ́sí ni a fi pe Moshie Zongo ní ìlú Tamale, ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ṣùgbọ́n láti inú zango, ibùsọ̀ àwọn oníṣòwò ní èdè Háúsá, ni 'zongo' ti wá. Lọ́wọ́ Háúsá náà ni àwa Yorùbá ti gba wàhálà. Wahla, ìfòyà, ni orírun rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá.

Fáwẹ́lì ni ó sábà ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ tiwa; nítorí náà ni jẹ àti ìyà ṣe di jìyà. Kọ́ńsónáǹtì ni ó bẹ̀rẹ̀ wàhálà, kò sì lè lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀. Háúsá a máa mu ún: sha wahala. Ní tiwa, ṣíṣe ni a ń ṣe é, tàbí kí ẹlòmíràn kó o bá wa.

Àwọn Yorùbá Tamale mọ ìyàtọ̀ náà. Wọ́n ti ṣe wàhálà púpọ̀ kí wọ́n tó ní ìsọ̀ lọ́jà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé-ìlú jáde láàrin ọjọ́ 14. Ọ̀rọ̀-orúkọ kò yí padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó yí: a kó wàhálà bá wọn.