Ta Ni Yóò Wo Òṣìṣẹ́ Ìjọba Sàn? Òyìnbó, Ibà àti Dókítà Adúláwọ̀ ní Èkó Ayé Amúnisìn

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òwe yìí ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá sí Èkó àti àyíká rẹ̀ láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìtàn bí wọ́n ṣe gba ilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ṣòfin kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan wà tí ó fara pamọ́ sábẹ́ ìtàn náà: nígbà tí ibà bá dá ẹni tí ìjọba rán wá dùbúlẹ̀, ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀? Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ ìdáhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ìbéèrè náà, ó sì fi hàn pé ní ọdún 1902, ìjọba náà ti ilẹ̀kùn mọ́ irú àwọn dókítà adúláwọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ kọ́.

Ikú ní etí òkun àti lórí Odò Ọya

Ní ọdún 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá gòkè Odò Ọya. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú àwọn tí ó bá wọn lọ. Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà tó nǹkan bí 145. Àwọn tí ó kú nínú wọn lé ní 40, ibà ni ó sì mú èyí tí ó pọ̀ jù lọ. Ní ọdún 1854, ọkọ̀ mìíràn, Pleiad, tún gba ọ̀nà omi kan náà lọ lábẹ́ àkóso Dókítà William Balfour Baikie. Crowther tún bá a lọ. Ní ìgbà yìí, kò sí òyìnbó kan tí àìsàn pa. Omi kò yí padà, ẹ̀fọn kò sì dínkù. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé Baikie mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa lo kuníìnì kí ibà tó dé, dípò kí wọ́n dúró dìgbà tí ó bá ti gbé wọn ṣubú. Èèpo igi kan tí ó ń hù ní àwọn òkè Andes, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni a ti ń rí oògùn yìí.

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí oògùn wà, ọ̀tọ̀ sì ni kí ìtọ́jú wà. Benjamin Campbell, tí ó di aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní ọdún 1853, kú sẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1859. George Brand tí ó rọ́pò rẹ̀ kò lò tó ọdún kan tí ó fi kú ní ọdún 1860. Henry Foote, tí ó dé ní ìparí ọdún 1860, ti kú kí ọdún 1861 tó dé ìdajì. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gba Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún náà, aṣojú mẹ́ta ni ikú ti mú láàárín ọdún mẹ́ta.

Àwọn ọmọ Sàró di dókítà

Bí òṣìṣẹ́ ṣe ń kú ni àwọn dókítà tí ó yẹ kí ó tọ́jú wọn náà ń kú. Èyí ni ó mú kí ilé iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọ CMS, yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti Freetown ní ọdún 1855, kí wọ́n lè lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó. Èrò ìjọba ni pé ara ọmọ ilẹ̀ yóò gba ojú ọjọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Yorùbá ni àwọn òbí William Broughton Davies. Ígbò ni àwọn òbí James Africanus Horton. Ọmọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ni wọ́n. Àwọn méjèèjì kẹ́kọ̀ọ́ ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ti di dókítà ọmọ ogun nígbà tí yóò fi di ìparí ọdún 1859. Àwọn dókítà òyìnbó tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tako ètò náà, ìjọba kò sì rán ẹlòmíràn tẹ̀lé wọn. Ọ̀nà tí ìjọba là ni ìjọba tún padà dí.

Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé Sàró kò dúró de ìjọba. Wọ́n rán ọmọ wọn lọ. Dókítà Nathaniel King ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Èkó títí tí ó fi kú ní ọdún 1884. Lẹ́yìn rẹ̀ ni John Randle, Obadiah Johnson àti Oguntola Sapara wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà ìjọba. Johnson yìí ni àbúrò Samuel Johnson, òun náà ni ó sì ṣètò ìwé ìtàn Yorùbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Sapara, tí ó wọ iṣẹ́ ní ọdún 1896, wá ìdí àrùn ilẹ̀ gbígbóná débi pé ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olúṣọ̀pọ̀ná láti mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn kálẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ojú tí àlejò kò ní: wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ àdúgbò, wọ́n sì ní ìwé ẹ̀rí kan náà tí àwọn dókítà òyìnbó ní.

Ilẹ̀kùn tí a tì

Ní ọdún 1897, Ronald Ross fi hàn ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ní ọdún 1899, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Joseph Chamberlain tí ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ amúnisìn, a dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún yẹn kan náà ni William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó. Ó pín kuníìnì, ó ní kí wọ́n fa omi àbàtà gbẹ, ó sì kọ̀ láti ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọmọ ìlú. Èrò rẹ̀ ni pé kí ìlera jẹ́ ti gbogbo ìlú.

Ìlànà tí ó borí kọ́ nìyẹn. Ní Freetown, ìjọba kọ́ ibùgbé òyìnbó sórí òkè ní ọdún 1904. Kí ó tó di ìgbà náà, ní ọdún 1902, a ti pa iṣẹ́ àwọn dókítà ìjọba ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan, West African Medical Staff. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ni ó lè wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1909, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn tún fọwọ́ sí i. Àwíjàre wọn ni pé òyìnbó kò ní fọkàn tán dókítà adúláwọ̀. Wọn kò sọ pé àwọn dókítà náà kò mọ iṣẹ́. Àwọn dókítà adúláwọ̀ tí ìjọba gbà di ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọ̀tọ̀, tí owó oṣù rẹ̀ kéré, tí òyìnbó tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí sì lè di ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ méjì ni àdánù náà já sí. Akọ̀wé adúláwọ̀ tí ìjọba gbé kúrò ní Èkó lọ sí ibi tí kò ní ará kò ní ọ̀rẹ́ jẹ́ àlejò bí òyìnbó ti jẹ́, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí ó dára jù kì í ṣe tirẹ̀. Òyìnbó náà sì pàdánù. Bí ibà bá kì í mọ́lẹ̀ níbi tí dókítà aláwọ̀ funfun kò sí nítòsí, òfin ìjọba rẹ̀ ti dín iye ọwọ́ tí ó lè gbà á là kù.

Ìkádìí

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó gbà kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí. Ní Ìbàdàn, Jẹ́ríkò ni òyìnbó ti ń gba ìtọ́jú, Adéọ̀yọ́ sì ni ti adúláwọ̀. Ní ọdún 1957 ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, UCH, ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìlú kan náà, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà ọmọ ilẹ̀ yìí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba ní òkèèrè ni ó ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn dókítà ìlú tí òṣìṣẹ́ wọn lè tọ̀ lọ. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ìbá ti wà ní Èkó ní ọdún 1902, orúkọ Randle, Johnson àti Sapara ìbá sì wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àlejò tí kò ríran lè bẹ onílé kí ó fa òun lọ́wọ́. Ìjọba tí ó ní kí ó má ṣe di ọwọ́ onílé mú ni ó sọ ọ́ di afọ́jú lẹ́ẹ̀kejì.