Láti Orí Wàláà Dé Orí Opọ́n Ìmọ̀

Ẹ̀yin ará wa tí a jọ ń gbé Òkè Ọya, bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, tó ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kọ́ àwọn lónìí, inú wa a máa dùn. Ohun tí a kì í sábà bi í ni pé: ta ló rí àṣìṣe rẹ, ìgbà wo ló sì sọ fún ọ?

Ìbéèrè àtijọ́ ni. Gbogbo wa la mọ wàláà ilé kéwú, àti Mùsùlùmí àti Kristẹni. Wàláà ọmọ kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ ni. Ọ̀kan lè wà ní súrà kúkúrú nígbà tí ẹni tó jókòó tì í ti lọ jìnnà. Àáfáà á pè é, á ní kó kà á sí òun létí, ibi tó bá ti ṣì í, ibẹ̀ náà ni wọn ó ti tún un ṣe. Bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, kò ní fọ wàláà kó kọ òmíràn. (Pàṣán wà níbẹ̀ o, a ò ní parọ́.)

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, tí ti gbogbo Nàìjíríà sì tẹ̀ lé e ní 1976, oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kún kíláàsì. Pátákó kan ni gbogbo wọn ń wò, ó sì ṣòro kí olùkọ́ kan tó rí ìwé gbogbo wọn lójúmọ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1953, B. F. Skinner, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, lọ wo kíláàsì ìṣirò ọmọbìnrin rẹ̀. Ó rí i pé ìrìn kan náà ni wọ́n ń mú gbogbo ọmọ rìn, wọn kì í sì í mọ̀ bóyá wọ́n gbà á títí di ọjọ́ kejì. Ló bá ṣe àpótí kan: ìbéèrè á yọ, ọmọ á dáhùn, àpótí á fi hàn lójú ẹsẹ̀ bóyá ó tọ̀nà, oníkálukú á sì máa lọ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ní 1960, ọdún òmìnira wa, Yunifásítì Illinois ti gbé irú iṣẹ́ yìí sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n pè é ní PLATO.

Ìjọba Ọ̀ṣun gbé Opọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní 2013. Ìwé kíkà àti ìbéèrè WAEC àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, ọmọ sì lè fi dán ara rẹ̀ wò. Orúkọ náà wù wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè sọ pé ọmọ kùnà. Ìdí tó fi kùnà, lójú tiwa, ẹni tó mọ ọmọ náà ló lè wádìí rẹ̀.

Ní Ìlú Bìní ní 2024, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń fi Copilot kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ 6. Nígbà tí ìdánwò dé, àwọn tó lọ ṣe dáadáa ju àwọn tí kò lọ. Àwọn olùkọ́ kò fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n bá tiwọn lọ. Inú yàrá kan náà ni wọ́n wà, tí wọ́n ń tọ́ wọn sọ́nà.