Ẹni Tó Lè Gba Àárín Ibùdó Méjì Kọjá

Ijapo Estate ní Àkúrẹ́ kì í ṣe àdúgbò àtijọ́. Ìgbà tí ìjọba Murtala Mohammed dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, ni irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ di kòṣeémánìí fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní irú ibi báyìí, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì ìjọba ti fara kínra, ìbéèrè kan kì í tán nílẹ̀: ṣé kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, àbí kó gbájú mọ́ pẹpẹ rẹ̀? Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àlùfáà kan tó ń gbé ìlú Oǹdó ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáhùn. Ohun tí ìtàn rẹ̀ fi yé mi ni pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run lè ṣe ìlú lóore tí ẹlòmíì kò lè ṣe, bí kò bá ní ìpín tirẹ̀ tó ń jà fún nínú ọ̀rọ̀ náà.

Charles Phillips ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1877 ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS rán an sí Oǹdó, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú náà tún padà sílé láti ibi tí ìjà abẹ́lé fọ́n wọn ká sí. Kò pẹ́ sígbà náà ni ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti sú àwọn ènìyàn, jagunjagun Fábùnmi gbé idà ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ lábẹ́ orúkọ Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ ogun méjèèjì pàgọ́ sí ìtòsí Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọdé tí ogun bá láyé di géńdé nínú rẹ̀. Ààrẹ Látòósà tó kó ogun Ìbàdàn jáde kú sí ibùdó ní 1885, ogun ò sì tán. Ní 1886, Gómìnà Moloney ní Èkó rán àlùfáà méjì jáde: Samuel Johnson lọ bá àwọn Ìbàdàn, Phillips lọ bá Èkìtì Parapọ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, àwọn aṣojú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó; nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n kéde àlàáfíà ní ojú ogun gan-an. Ìwé náà gbà pé àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní òmìnira wọn, ìyẹn ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé ìbọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí Phillips jẹ́ dáadáa. Katikíìsì ni bàbá rẹ̀ ní Ìjàyè, ìlú tí Ìbàdàn pa run ní 1862. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdí láti fẹ́ kí ìyà jẹ Ìbàdàn, òun náà ni. Síbẹ̀, àlàáfíà tí yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn padà sílé láìsí ìtìjú ló ń ṣe alárinà fún. Johnson ní tirẹ̀ dàgbà sí Ìbàdàn, ó sì nífẹ̀ẹ́ ìlú náà, ìwé ìtàn tó kọ fi hàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ tó jẹ́ ni pé kí Ìbàdàn jọ̀wọ́ ilẹ̀ tó ti fi ogun kó. Àwọn méjèèjì gbé ohun tí kò bá ọkàn ẹ̀dá mu lọ síwájú àwọn tó mọ̀ wọ́n. Nínú èyí ni mo ti rí ìlànà ìgbàgbọ́ Kristẹni nínú ọ̀rọ̀ ìlú, ju nínú ìwàásù lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ìránṣẹ́ òyìnbó lásán ni wọ́n, pé àdéhùn yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìjọba amúnisìn. Òótọ́ wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀: gómìnà Èkó di onílàjà fún àwọn ọba tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ rí, nígbà tí Gómìnà Carter ti Èkó yóò sì fi dé àárín ilẹ̀ Yorùbá ní 1893, ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ ronú àlàáfíà. Ṣáájú 1886 ni Aláàfin Adéyẹmí ti kọ̀wé sí Èkó, Johnson yìí kan náà ló sì gbé e lọ. Àwọn mìíràn yóò ní àárẹ̀ ló pa ogun, kì í ṣe àlùfáà. Èyí wúwo jù. Ó ti rẹ tọ̀tún tòsì lóòótọ́, J. B. Wood tó jẹ́ òyìnbó CMS sì ti gbìyànjú ìlàjà ṣáájú wọn, kò yọrí sí rere. Kọ́là ọrùn àlùfáà kò tó fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kò lè gbé ìwé láti ibùdó kan dé èkejì. Nígbà tí ọ̀tá kò gba ọ̀tá gbọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí tọ̀tún tòsì gbà pé kò wá du ilẹ̀, kò wá kó ẹrú. Iṣẹ́ náà kò sì pé: àwọn Modákẹ́kẹ́ kò ṣí kúrò ní ilẹ̀ Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, ogun Ìbàdàn àti Ìlọrin ní Ọ̀fà sì ń bá a lọ títí di 1893. Èmi kò rí i pé èyí pa oore wọn rẹ́.

Ní oṣù Kẹjọ, 1983, nígbà tí wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ló wọlé ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó dípò Adékúnlé Ajáṣin tó wà lórí ipò, Àkúrẹ́ gbiná. Wọ́n pa Ọláìyá Fágbàmígbé, atẹ̀wétà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, wọ́n sì sun ilé àwọn ènìyàn. Nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ti kún ìlú. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ló dá ipò padà fún Ajáṣin, ẹni tó jẹ́ olùkọ́ kó tó di olóṣèlú. Èyí ni èsì mi fún àwọn tó ní kí pásítọ̀ gba ìjọba kí ènìyàn burúkú má bàa gbà á. Kristẹni tó bá fẹ́ ṣe ìjọba, kó ṣe é bí Ajáṣin, lábẹ́ òfin. Ẹni tó ń ṣọ́ pẹpẹ ní iṣẹ́ mìíràn, nítorí ọmọ ìjọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Bí òun náà bá ní olùdíje, ta ni yóò gba àárín ibùdó kọjá?

Bí ẹnì kan bá wá ní ṣé kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run dákẹ́ ni, mo kọ̀. Emmanuel Gbónígi, bíṣọ́ọ̀bù Àkúrẹ́ láti 1983 di 2000, kò dákẹ́ fún ìjọba ológun Abacha. Ajáṣin náà, Kristẹni ará Ọ̀wọ̀, ló ṣáájú ẹgbẹ́ ajìjàgbara NADECO ní 1994 kí ìjọba lè bọ́ sọ́wọ́ Abíọ́lá tó wọlé ìbò ààrẹ, tó jẹ́ Mùsùlùmí. Wọ́n gbèjà ẹ̀tọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn. Phillips náà dúró ti pẹpẹ rẹ̀ lẹ́yìn ìlàjà: ó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, Oǹdó ló sì fi ṣe ibùjókòó títí tó fi kú ní 1906.