Bí Gíláàsì Róbótó Ṣe Lé Ẹni Tó Fẹ́ Jọba fún Bílíọ̀nù Ọdún

Odò kan wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń jẹ́ Gáḿbíà. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ orúkọ odò náà. Sẹ̀nẹ̀gà yí i ká níhà mẹ́ta, òkun ló gba ìhà kẹrin. Orí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni ọkùnrin kan jókòó lé fún ọdún méjìlélógún. Sójà ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó gbàjọba lóṣù Keje ọdún 1994. Nígbà tí yóò fi dàgbà, oríkì rẹ̀ ti gùn ju ọ̀nà oko lọ: Ọlọ́lá Jùlọ, Sheikh, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Àlhájì, Dókítà Yahya A.J.J. Jammeh, Babili Mansa.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2007 ó ní òun ti rí ewé tó ń wo àrùn éèdì sàn, ó sì ní kí àwọn aláìsàn pa oògùn òyìnbó tì. Lọ́dún 2009 àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ abúlé, wọ́n ń kó àwọn arúgbó tí wọ́n pè ní àjẹ́, wọ́n ń fipá fún wọn ní àgbo mu. Lọ́dún 2012 wọ́n pa ẹlẹ́wọ̀n mẹ́sàn-án. Oníròyìn BBC bi í ní 2011 pé ìgbà wo ni yóò lọ. Ó ní bí Ọlọ́run bá fẹ́, òun yóò lo bílíọ̀nù ọdún kan.

Ọlọ́run kò fẹ́.

Ẹ má rò pé bébà ni wọ́n fi ń dìbò níbẹ̀. Láti ọdún 1965, nítorí àwọn tí kò mọ̀wé, gíláàsì róbótó kékeré ni wọ́n ń fún olùdìbò, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń ta lẹ́yìnkùlé. Yóò wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, yóò bá àwọn dúrọ́ọ̀mù irin níbẹ̀. Ní ìbò ọdún 2016, aláwọ̀ ewé wà fún Jammeh, aláwọ̀ fàdákà fún Adama Barrow, elésè àlùkò fún Mama Kandeh. Yóò ju gíláàsì sínú ihò, agogo inú rẹ̀ yóò dún, kán! Ìró kan, ìbò kan. Bí ó bá dún kán-kán, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ti wọlé nìyẹn. Wọ́n da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ kí gíláàsì má baà pariwo nígbà tó bá balẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ológeere sún mọ́ ibẹ̀, kí agogo rẹ̀ má baà da etí rú. Lọ́jọ́ ìbò náà, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìjọba ti pa íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti gé ìpè òkè òkun. Ó dí gbogbo ẹnu ìlú, kò rántí dí agogo.

Ta ni Barrow? Oníṣòwò ilé àti ilẹ̀ ni, tó ti ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé ìtajà rí ní Lọ́ńdọ̀nù. Olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, Ousainou Darboe, wà lẹ́wọ̀n, torí pé ó jáde lóṣù Kẹrin láti béèrè Solo Sandeng, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, tí ó kú sọ́wọ́ àwọn agbófinró abẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Alieu Momar Njai, alága àjọ elétò ìdìbò, kéde pé Barrow ló borí. Lẹ́yìn àtúnṣe, Barrow ní 227,708, Jammeh 208,487. (Àtúnṣe yẹn ni Jammeh padà wá fi ṣe àwíjàre.) Kí ni ọlọ́dún bílíọ̀nù ṣe? Ó pe Barrow lórí fóònù níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, ó kí i kú oríire, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìlú bú sáyọ̀, wọ́n fa àwòrán Jammeh ya. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jó ń wẹ̀yìn. Ẹ̀rín orí fóònù yẹn, lójú tèmi, ló yẹ kó lé oorun lọ. Fatoumata Jallow-Tambajang, tó kó àwọn alátakò jọ, sọ fún ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan pé Jammeh yóò jẹ́jọ́, ọ̀pọ̀ sì ní ọ̀rọ̀ yẹn ló ba nǹkan jẹ́. N kò gbà. Ẹni tó ti ń ka ọdún rẹ̀ ní bílíọ̀nù kò nílò ọ̀rọ̀ obìnrin kan kó tó lẹ̀ mọ́ àga.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ó tún jókòó níwájú kámẹ́rà, ó ní òun kò gba èsì mọ́. Ẹ wo àrà! Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, John Mahama ní Gánà gbà pé òun ti fìdí rẹmi nínú ìbò tiwọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Mahama yìí bá Ellen Johnson Sirleaf ti Làìbéríà, Ernest Koroma ti Sàró àti Muhammadu Buhari ti Nàìjíríà lọ sí Banjul, olú-ìlú Gáḿbíà, ní orúkọ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ẹni tí ìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ń bẹ ẹni tí ìbò lé kó gbà lọ. Kò gbà.

Ó sá tọ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti lé adájọ́ kúrò nínú rẹ̀ títí tí wọn kò fi pé láti jókòó. Adájọ́ àgbà, Emmanuel Fagbenle, ọmọ Nàìjíríà, yọ ọwọ́ nínú ẹ̀bẹ̀ Jammeh pé kí wọ́n dá ìbúra Barrow dúró. Njai sá lọ. Ènìyàn bí 45,000 di ẹrù, wọ́n kọjá sí Sẹ̀nẹ̀gà. Níbẹ̀ náà ni Barrow wà nígbà tí ajá bu ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré jẹ pa nílé. Kò lè wá sìnkú ọmọ.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2017, ó búra nínú ilé aṣojú Gáḿbíà ní Dakar. Lọ́jọ́ náà ni sójà Sẹ̀nẹ̀gà, Nàìjíríà àti Gánà gbéra, Ousman Badjie, ọ̀gá ológun Jammeh, sì ní àwọn ọmọ ogun òun kò ní jà nítorí òṣèlú. Alpha Condé láti Gínì bẹ Jammeh, ó sì bá a wọ bàálù ní ọjọ́ 21; Jammeh di Malabo, ní Equatorial Guinea. Bàálù ẹlẹ́rù gbé àwọn mọ́tò olówó ńlá rẹ̀ lọ.

Àdéhùn àwọn ẹgbẹ́ alátakò tó para pọ̀ ni pé ọdún mẹ́ta ni Barrow yóò lò. Ọdún mẹ́ta pé, àwọn ènìyàn jáde láti rán an létí. Ìjọba rẹ̀ fòfin de ẹgbẹ́ wọn lóṣù Kìíní ọdún 2020. Ní 2021 ó dara pọ̀ mọ́ apá kan nínú ẹgbẹ́ Jammeh, ó sì tún wọlé. Lóṣù Kẹrin ọdún 2022, Fabakary Tombong Jatta, aṣíwájú ẹgbẹ́ Jammeh, di olórí ilé aṣòfin. Barrow ló yàn án sínú ilé náà.