Ọdún Kan, Oṣù Méjìlá, Ọ̀sẹ̀ Mélòó?



Ní oṣù tó kọjá, baba onílé wa ní Ifákò ní kí n san owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó fún mi níbi iṣẹ́. Ọdún méjì, oṣù 24! Ibo ni kí n ti rí i? Mo pe ìyá àgbà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Oṣù nìkan lẹ̀yin mọ̀. Ìtàdógún làwa fi ń ka owó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí ìtàn òní.

Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, ọjọ́ mẹ́rin péré ni: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pe ọjà ní ọlọ́jọ́ márùn-ún? Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn ni. Tí ọjà bá ná lónìí Mọ́ńdè, Fúráìdè ló tún máa ná: ẹ kà á, márùn-ún ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún. Orúkọ rẹ̀ ń sọ 17, àmọ́ ọjọ́ 16 gan-an ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin 91 jẹ́ ọjọ́ 364. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje 52, ọjọ́ 364 náà ni! Oṣù tí a ń fi òṣùpá kà ní tirẹ̀, méjìlá rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354. Ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì fi ń fi bí ọjọ́ 11 yá sí i lọ́dọọdún.

Kí ni èyí kan owó ilé? Ọjọ́ ọjà ni owó ń wọlé fún ìyá àgbà, nítorí náà ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń dá èésú, òun náà ni wọ́n ń san gbèsè. Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Agége àti Ìjú wa níbí kọjá. Iṣẹ́ ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ gbilẹ̀, owó oṣù di àṣà. Àmọ́ owó ilé wá di ti ọdún. Owó ń wọlé lóṣù, ó ń jáde lọ́dún. Ibẹ̀ ni wàhálà wa wà.

Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 gbìyànjú láti tún un ṣe: ẹni tó ń san lóṣooṣù, onílé ò gbọdọ̀ béèrè ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹni tó ń san lọ́dọọdún, kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ. Wọ́n yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Wọn ò yọ Ifákò.

Mo fi han baba onílé lórí fóònù, tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n mú ti ọdún kan wá. Ti èyí tó ń bọ̀, mo ti pín in sí 52, mo ń tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo Fúráìdè.

Ìyá àgbà ní 91 ì bá tún fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò parọ́.

Ó dìgbà kan ná.