Microsoft Teams àti iṣẹ́ àjọṣe lórí kọ̀ǹpútà

Microsoft Teams ni áàpù tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà ṣe kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, kí wọ́n máa ṣèpàdé, kí wọ́n sì jọ máa tún ìwé kan náà ṣe. Wọ́n kéde rẹ̀ lọ́jọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Ó dé ọwọ́ oníbàárà káàkiri ayé lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017.

Bí wọ́n ṣe tà á

Microsoft ti ra Skype ní bílíọ̀nù 8.5 dọ́là ní 2011, ó sì ra Yammer, áàpù ọ̀rọ̀ àárín òṣìṣẹ́, ní bílíọ̀nù 1.2 ní 2012, síbẹ̀ Teams ló wá fi ṣíwájú. Ó ti Skype pa ní oṣù Karùn-ún 2025. Ẹni tó bá ti ń sanwó Word, Excel àti Outlook bá Teams nínú ẹrù kan náà, bí èènì tí alátà ń bù lé ọjà. Slack, áàpù irú rẹ̀ tó ṣáájú Teams dọ́jà, fẹjọ́ èènì yìí sùn ní Yúróòpù ní oṣù Keje 2020. Microsoft yọ Teams kúrò nínú ẹrù náà ní Yúróòpù ní 2023, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ní oṣù Kẹrin 2024.

Ṣé èènì yìí ló mú Teams borí? Slack gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn tọ́ka sí Kòrónà tó sé òṣìṣẹ́ mọ́lé. Àwọn aláṣẹ Yúróòpù fi ẹ̀sùn hàn ní 2024, ṣùgbọ́n àdéhùn ni wọ́n fi parí rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2025, nítorí náà a kò lè sọ pé wọ́n dá Microsoft lẹ́bi.

Ní Èkó

Microsoft kéde ibùdó àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Èkó àti Nairobi ní 2019. Ní 2024 ìròyìn jáde pé ó fẹ́ ti ibùdó Èkó pa. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, ọjọ́ tí Teams pé ọdún méje gẹ́lẹ́, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Abidjan, iṣẹ́ Microsoft sì fà ní Áfíríkà.

Orí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ ń san owó Teams lé. Ní èbúté Àpápá, ajẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde, awakọ̀ tírélà àti ẹlẹ́rù kì í jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gá kan náà, nọ́ńbà fóònù nìkan ló sì so wọ́n pọ̀. WhatsApp ni wọ́n ń lò. Ajẹ́ńtì yóò ya fọ́tò ilẹ̀kùn kọ̀ǹtéínà, lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà méje, yóò fi ránṣẹ́ sí awakọ̀ tó ń dúró ní Ajégúnlẹ̀, yóò wá fi ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé e: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀.”